Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ọyẹ́ ń bọ̀. Ẹni tó dáko ní Jobele tàbí lọ́nà Fìdítì mọ ohun tí iná ọdẹ ń fi ọgbà ọsàn ṣe.

Lóṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, Ifá ọrọọrún kìlọ̀ iná fún mi. Mo rúbọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá tún ní kí n ro etí oko yíká kí koríko tó gbẹ. Mo ní ó dọ̀la. Ọ̀la yẹn di oṣù Ṣẹ́rẹ́! Ìgbà tí mo rí èéfín ni mo ń wá àdá kiri. Igi ọsàn ogójì tí bàbá mi gbìn ló jóná.

Ẹbọ dà, ọwọ́ mi ni kò dé oko.

Lọ́dún yìí, èmi àtàwọn ọmọ ti ro ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yíká. Ó ku igbó aládùúgbò tó kan tiwa. A ó lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.