Kámẹ́rà Tó Ń Ka Àwọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ojú

Ẹ̀yìn ojú ni dókítà ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kedere láì fi abẹ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní retinal oximeter kò ṣe ju pé ó lo àǹfààní yìí. Kámẹ́rà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ya rẹ́tínà, awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, ní ilé ìwòsàn ojú, àmọ́ àwòrán méjì ló ń yà lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. John Hickam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi fíìmù ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ní Iceland, Einar Stefánsson àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ a máa pọ́n yòò; èyí tí tirẹ̀ ti dínkù a máa ṣú. Bí ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ 570 nanomita, méjèèjì ń mu ún bákan náà, torí náà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú iṣan nìkan ni àwòrán yẹn ń sọ. Bó bá di 600, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ló ń mu jù, iṣan rẹ̀ á sì dúdú. Kọ̀ǹpútà á fi dúdú iṣan wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, á wá fi ti ọ̀kan pín ti èkejì. Lójú tó dá ṣáká, iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ojú, máa ń ní ọ́síjìn bí ìdá 92 nínú 100, iṣan àbọ̀, tó ń gbé e jáde, sì ń ní bí 55 sí 60. Ohun tó jábọ́ láàárín ni rẹ́tínà jẹ.

Glaucoma, àìsàn ojú kan, ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dùn. Okùn bíi mílíọ̀nù kan ló ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ; àìsàn yìí ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn á rò pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ti irú ojú bẹ́ẹ̀ bọ̀ kò ní ní ọ́síjìn lára mọ́. Òdìkejì ni àwọn olùwádìí rí: bí glaucoma bá ti wọra, ọ́síjìn inú iṣan àbọ̀ ń pọ̀ sí i ni. Bí ìyá alákàrà bá gbé igbá rẹ̀ padà wálé bó ṣe gbé e jáde, àwọn tó ń rà á ni kò sí mọ́.

Ṣé àìtó ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pa okùn wọ̀nyí, àbí wọ́n kú tán kí ẹ̀jẹ̀ tó dínkù? Kámẹ́rà yìí nìkan kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kò ka bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń sáré tó.

Ohun kan tún wà tó kàn wá gan-an, torí glaucoma kì í fi àwa aláwọ̀ dúdú ṣeré: bí ẹ̀yìn ojú ṣe dúdú tó ń yí iye tí ẹ̀rọ náà ń kà padà, àfi kí wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.