Orí Baálẹ̀ Àpòmù

Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ dòdò ní Ìkirè, ẹni tí mo bi léèrè ọ̀nà Àpòmù, ló fèsì pé: "Ọmọ mi, ìlú tí baálẹ̀ ti fi orí ara rẹ̀ bẹ ọba ni ò ń lọ yẹn." Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n dúró nítòsí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì dùn mí.

Kí Aólẹ̀ tó jọba ní Ọ̀yọ́, òwò ló ń bá dé ọjà Àpòmù, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, níbẹ̀ ló sì ti ta ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ rìn wá sóko ẹrú. Baálẹ̀ gbọ́, ó ní kí wọ́n na ọmọ ọba lẹ́gba. Ojú pàṣán náà kò jinná nínú Aólẹ̀: nígbà tó gorí ìtẹ́, tí àwọn ìjòyè bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ tí ogun yóò kọ́kọ́ ká mọ́lé, Àpòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìlú òun ni yóò jìyà òun, ó pa ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún Aláàfin.

Ní Ìkirè, wọn a máa ní ìjà ataare láàárín Ìjẹ̀bú àti Òwu ló da ọjà náà rú. Àpòmù kò gbà. Ataare bí ogun Òwu lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí baálẹ̀ ló ṣáájú. Ti Àpòmù ni mo ṣe.

Nítorí Aólẹ̀ kò sinmi. Ní nǹkan bí ọdún 1796, ó rán Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, lọ sí Ìwéré, ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó, tí Kakaǹfò ti búra pé òun kò ní fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun, òkú ni. Afọ̀njá, Aṣamú Baṣọ̀run àti Ọ̀pẹ̀lẹ́ Baálẹ̀ Gbogun yí ogun padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sọ́ba, àmì pé kó kú. Títí Aólẹ̀ fi gbé májèlé jẹ, ọrùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lábẹ́ idà: bí ìlú bá ti ọba lẹ́yìn, wọ́n gbé. Aólẹ̀ ta ọfà mẹ́ta, ó gégùn-ún, kó tó kú.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ ṣubú lójú ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1824, àwọn Jámáà tí Afọ̀njá fi ṣọmọ ogun ní Ìlọrin pa Afọ̀njá fúnra rẹ̀. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tó gún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ fi wà lóòró. Àwọn àgbà Àpòmù ní èpè Aólẹ̀ ló mú un. Lójú tèmi, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó àjèjì ológun jọ yí ilé ká kò nílò èpè.