"Ilé yìí kì í ṣe títà": Ta ló láṣẹ láti ta ilé bàbá yín, kí ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á wádìí?

Bí ẹ bá ń gba àdúgbò Múṣin kọjá ní ìlú Èkó, tàbí tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, ẹ ó rí i lára ògiri. Ọ̀dà pupa tàbí dúdú ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ á sì rí gàdàgbà: "This house is not for sale. Beware of 419." Àwọn mìíràn kì í fi òyìnbó ṣe é rárá: "Ilé yìí kì í ṣe títà o."

Ó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, kí ló dé tí onílé ń pariwo pé òun ò tà á? Ṣùgbọ́n ará àdúgbò mọ ohun tó fà á. Ẹnì kan ti gbìyànjú láti tà á rí, tàbí kó tiẹ̀ ti tà á fún èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè jẹ́ ayálégbé tó ti pẹ́ nínú ilé, tí ẹ̀dà ìwé ilé sì bọ́ sí lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ajẹ́ńtì. Èyí tó máa ń nira jù láti lọ sọ fún ọlọ́pàá ni kó jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé náà.

Abala kan ni 419 jẹ́ nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà, ó dá lórí fífi irọ́ gba dúkìá lọ́wọ́ ẹni. Òfin gbájúẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 tún le ju ìyẹn lọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sì sí àǹfààní owó ìtanràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n tí gbájúẹ̀ ń ṣe kì í dá owó ẹni tó ra ilé padà, pàápàá tí owó náà bá ti di mọ́tò àti òde àríyá. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni iṣẹ́ wà.

Kì í ṣe C of O ni ìbéèrè àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ilé rà ni, "Ṣé ó ní C of O?" Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúlówó C of O lè wà lọ́wọ́ ẹni tí kò láṣẹ láti ta nǹkan kan. Orúkọ bàbá tó ti kú ló wà lára rẹ̀, ọmọ kan ló kàn mú un jáde láti inú àpótí. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ló ni ilé yìí lónìí, ta ló sì láṣẹ láti tà á?

Bí bàbá bá kú láì kọ ìwé ìhágún, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wíìlì, àṣà Yorùbá tí ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ni pé ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí yàrá kan pé tòun nìyí, òun fẹ́ tà á. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló máa ń di olórí ẹbí tó ń bójú tó o. Bí Dáwódù bá wá kú ńkọ́? Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá tó ṣẹ́kù ni ipò náà kàn, ì báà jẹ́ obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ èyí, síbẹ̀ àwọn tó ń ra ilé ṣì máa ń wá "bọ̀dá àgbà" kiri, nígbà tó jẹ́ pé àǹtí àgbà tó ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan tí kì í ṣe olórí bá dá ilé ẹbí tà, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Lójú òfin, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láì jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù mọ̀ sí i, títà náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò sọ fún lè lọ sí kóòtù pé kí adájọ́ fagi lé e. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 ni àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí èyí. Kí àwọn tó bá fẹ́ pẹjọ́ má sì jókòó di ìgbà tí ẹni tó rà á ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ tán, torí adájọ́ kì í ṣàánú ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́.

Àwọn wo ni àgbà ẹbí yìí? Nílé olórogún, ẹ ka ìyàwó. Ẹjọ́ kan wà tó lókìkí, ti Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan kú ní Èkó, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ṣé orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín ogún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, àbí ìdí-igi, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba? Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Lọ́dún 1962, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni.

Ohun tí èyí wá kan ẹni tó fẹ́ ra ilé sí ni pé kó béèrè: ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́? Ta ló dúró fún ìdí kọ̀ọ̀kan? Ó jọ òfófó, mo mọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ ilé sí Agége, ó sì ní ìyàwó mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìyáálé àti ti ìyàwó kejì wà l'Ékòó. Ìyàwó kẹta ti kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí Abidjan, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti pọ̀ bí ẹni pé ilé ni. Àwọn tó wà l'Ékòó ta ilé náà, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, wọ́n pín owó. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ti Abidjan wálé wá ṣe ìsìnkú, wọ́n bá òrùlé tuntun lórí ilé bàbá wọn. Kò sí ayédèrú ìwé kankan níbẹ̀. Orúkọ tí gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i kọ, orúkọ wọn gan-an ni. Síbẹ̀, ẹni tó rà á ti di olùjẹ́jọ́. Lójú tèmi, irú ilé báyìí léwu ju ti gbájúẹ̀ lọ, nítorí ó ṣòro láti fura sí i.

Ọ̀rọ̀ opó náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, òfin mìíràn lè wọ̀ ọ́, kí opó náà sì ní ìpín tirẹ̀. Ẹ béèrè ìyẹn pẹ̀lú.

Bí wíìlì bá wà, àwọn tí bàbá yàn láti mú un ṣẹ ló máa tà á. Bí kò bá sí, tí àwọn ọmọ sì ti lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún nílé ẹjọ́ gíga, tí wọ́n ń pè ní probate, wọ́n á ti gba letter of administration níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí agbẹjọ́rò yín mú un padà lọ síbi tí wọ́n ti gbà á, kó wò ó bóyá òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé títà. Mo sì ní agbẹjọ́rò yín o, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á mú wá pé kó bá ẹ̀yin méjèèjì ṣe é kí owó lè dín.

Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ lọ wò ó

Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Lands Registry ni ìpínlẹ̀ ń kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ sí. Ní Èkó, Aláùsá ni Ìkẹjà ló wà. Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti máa rí orúkọ tó wà lórí ilé, bóyá wọ́n ti fi yá owó ní báńkì, àti bóyá ẹnì kan ti fi ìwé ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé kí wọ́n má tà á. Kí ẹ tún mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ ìjọba ni ilé wà. Àwọn tí ìjọba Èkó wó ilé wọn ní agbègbè Ìkọ̀tà àti Orchid Road ní Lẹ́kì lọ́dún 2023 àti 2024, pé ojú ọ̀nà omi ni wọ́n kọ́lé sí, kì í ṣe ilé pákó ni wọ́n kọ́. Ilé olówó ńlá wà nínú wọn.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìdí nìyẹn tí títa ilé fi nílò ìfọwọ́sí gómìnà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Governor's Consent. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹni tó ti ni ilẹ̀ tirẹ̀ kí òfin yẹn tó dé pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti n'Ìbàdàn kò ní C of O rí. Ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ilé burúkú, ṣùgbọ́n ẹ ro wàhálà àti owó tó máa gbà láti ṣe ìwé rẹ̀ mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ wá lọ sí ilé náà fúnra yín, láìsí ajẹ́ńtì. Ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ lọ lálẹ́, ẹ lọ lẹ́yìn òjò. Ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in lójúde, kí ẹ sì jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé pé ta ni wọ́n ń san owó ilé fún, ta ló ń wá gbà á, ṣé ẹni yìí náà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀? Bí orúkọ méjì bá jáde, ẹ ti rí nǹkan kan. Ẹ rántí pé ẹni tó bá ra ilé ra àwọn ayálégbé inú rẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Èkó, ọdún 2011, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé ọlọ́dọọdún, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ tún ní kí agbẹjọ́rò wò ó bóyá ilé náà wà ní kóòtù. Ẹni tó bá ra ilé tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí, ẹjọ́ ló rà, ohun tí adájọ́ bá sì sọ ni yóò mú un.

Ní ti owó, báńkì ni kó gbà kọjá, sínú àkáǹtì ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì, kì í ṣe ti "àbúrò mi." Rìsíìtì nìkan kò tó. Deed of assignment ni ìwé tó ń gbé ilé kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ẹnì kan ń bọ̀ wá sanwó lọ́la, ẹ jẹ́ kó wá san án.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ tà

Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí àwọn tó wà lókè òkun sì dara pọ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá àti ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ fẹnu kò sórí bí ẹ ó ṣe pín owó náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ iye tí ilé yóò pa. Lẹ́yìn tí iye owó bá ti wọ̀ ọ́, ohùn máa ń yí padà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni owó ká lọ́wọ́ kò tó ń fẹ́ kí ẹ tà á, àwọn yòókù lè fún un ní owó ìpín tirẹ̀ kí ilé sì wà.

Ẹ má ṣe kó ojúlówó ìwé ilé fún ajẹ́ńtì. Ẹ ṣọ́ ẹ̀dà rẹ̀ pàápàá, torí ohun tí gbájúẹ̀ ń wá nìyẹn. Tí bàbá bá ti fi power of attorney fún ẹnì kan nígbà tó wà láyé, ẹ bi agbẹjọ́rò bóyá ó ṣì níṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá ẹni tó fún ni kú.

Ọ̀dà ara ògiri wúlò. Ẹni tó bá kà á tó sì rà á, kò lè wá sọ ní kóòtù pé òun ò mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń fọ ọ̀dà, ẹni tó sì fẹ́ ta ilé lóru lè kun ún ní ọ̀sán. Kí ẹbí tó bá ń bẹ̀rù irú èyí gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò lọ fi ìwé ìkìlọ̀ sí Lands Registry, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣe ìwádìí lè bá a níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ghana tàbí Benin tí ẹ fẹ́ ra ilé síbẹ̀, òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Ògiri Accra náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "Stop work, produce permit" ni ẹ ó máa rí lára rẹ̀, ìyẹn ni pé wọn ò tíì rí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ má ṣe ra irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó kọ ọ́. Òfin ìpìlẹ̀ Ghana ti ọdún 1992 kò sì gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà láàyè láti ni ilẹ̀ títí láé. Ọdún 50 ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ béèrè iye ọdún tó ṣẹ́kù. Ní Benin, titre foncier ni ìwé tó fìdí onílẹ̀ múlẹ̀. Convention de vente tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kiri kò tó o. Iléeṣẹ́ ANDF ní Cotonou lẹ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.