Ọmọ Tí Kò Rí Ojú Bọ́ọ̀dù: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí àti Olùkọ́

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í ṣe afọ́jú, síbẹ̀ tí wọn kò lè ka ohun tí olùkọ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù, kódà bí wọ́n bá lo awò. Àwọn ọmọ àfín pọ̀ nínú wọn. Olódo ni wọ́n ń pè wọ́n ní kíláàsì, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè wọ́n nílé, bẹ́ẹ̀ ojú ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má kàn béèrè bóyá ojú á là. Ẹ béèrè bí ìríran tó ṣẹ́ kù ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí ọmọ lè fi í ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì

Kí ọmọ jókòó síwájú, kó má sì kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí ilé ẹ̀kọ́ kun bọ́ọ̀dù tó ti ṣá, nítorí ṣọ́ọ̀kì funfun kì í hàn lórí bọ́ọ̀dù tó ti di eérú. Bírò dúdú tó nípọn sàn fún un ju pẹ́ńsù lọ. Kí wọ́n gba ọmọ àfín láyè láti dé fìlà nínú kíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta á lójú ló fi ń dé e, kì í ṣe àfojúdi. Bí ọmọ bá sì gbé ìwé sún mọ́ imú kó tó lè kà á, ẹ fi í sílẹ̀. Kíka ìwé nítòsí kò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti tìtorí ìbẹ̀rù yìí gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ kàwé, ó sì ń dùn wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa ka ohun tí ẹ ń kọ sókè. “Ẹ yọ eléyìí kúrò nínú ìyẹn” kò wúlò fún ọmọ tí kò rí eléyìí, tí kò sì rí ìyẹn. “Ẹ yọ 17 kúrò nínú 42” ni kí ẹ wí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá yín ṣe iṣẹ́ yìí.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà

Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe púpọ̀. Ọmọ lè ya fọ́tò bọ́ọ̀dù, kó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí lẹ́tà á fi ṣeé kà. Fún ọmọ tí kò ríran rárá, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ tan TalkBack. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan nǹkan lójú fóònù, fóònù á pe orúkọ rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á ṣí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń nira. Ẹ má torí ìyẹn pa TalkBack. Kí ọmọ fi íápíìsì sí etí kan péré, kí etí kejì lè gbọ́ olùkọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ètò kan tí wọ́n ń pè ní NVDA ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Michael Curran, aláìríran kan ní Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ má rà á. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó fòfin de fóònù kọ ìwé àṣẹ fún ọmọ yìí, kí gbogbo olùkọ́ rẹ̀ sì mọ̀ sí i.

Bíréèlì ṣì pọn dandan

Bíréèlì ni àmì tó yọ sókè lórí ìwé, tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí fóònù ti ń sọ̀rọ̀, kí la tún ń fi Bíréèlì ṣe? A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fetí gbọ́ nìkan kì í mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìṣirò gígùn kò sì ṣeé fetí ṣe. Ti Yorùbá tún wá le jù, nítorí ohùn inú ọ̀pọ̀ fóònù ń ka Yorùbá bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, àmì ohùn a sì sọnù. Perkins, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Bíréèlì, gbówó lórí, ó sì wúwo fún ọmọdé. Pátákó oníhò kékeré pẹ̀lú irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún ìwé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì wọ inú báàgì. Láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń fi í kọ̀wé, nítorí ẹ̀yìn ìwé ni àmì ń yọ sí. Pépà kàlẹ́ńdà èṣí nípọn tó fún un. Pacelli, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ní Surulere nílùú Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíréèlì. Ìlú Ọ̀yọ́ sì ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ọmọ àkàndá.

Òfin àti ìdánwò

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún ọmọ àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò yẹ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kankan lé ọmọ yín padà sílé nítorí ojú. WAEC ní ìwé ìbéèrè oní-Bíréèlì, JAMB náà sì ní ètò fún àwọn tí kò ríran, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti sọ pé ọmọ yín kò ríran. Bí ẹ bá mọ ọmọ tó jókòó sílé nítorí pé kò ríran, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wọn kí sáà tuntun tó wọlé.