Àlọ àti Àbọ̀ Ọkọ̀ Òfurufú láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti New York

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan pé, "Ọkọ̀ kan rin 3,450 máìlì ní wákàtí méje, wákàtí mélòó ni yóò fi padà bọ̀ ní ọ̀nà kan náà?" kíá ni yóò dáhùn pé, "Wákàtí méje." Olùkọ́ ìṣirò yóò sì fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n 3,450 máìlì yìí ni ọ̀nà òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àlọ rẹ̀ kì í sì í bá àbọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ọkọ̀ tí ń lọ sí New York a máa lò tó wákàtí méje ààbọ̀ tàbí mẹ́jọ. Èyí tí ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ ni ó fà á. Lókè réré, níbi tí ó ga tó 30,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ líle kan wà tí ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ooru ìhà gúúsù àti òtútù ìhà àríwá, pẹ̀lú yíyí tí ayé ń yí, ni ó bí i. Ìdí nìyí tí ó fi ń le jù lọ nígbà òtútù. Ẹni tí ó bá ti tukọ̀ rí kò ní ṣàì mọ̀ pé ọwọ́ atukọ̀ a máa fúyẹ́ bí ó bá ń bá omi lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjú sí òkè odò, òógùn ni yóò bò ó. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọkọ̀ òfurufú lè sá 550 máìlì ní wákàtí kan, kí afẹ́fẹ́ sì máa sá 60. Ní àlọ, 490 ni yóò kù fún ọkọ̀ náà, yóò sì lo wákàtí méje. Ní àbọ̀, yóò di 610, kò sì ní ju wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 40 lọ. Àkókò ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí o.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ìkánjú èrò lọ, nítorí kò sí ibi tí ọkọ̀ ti lè yà ra epo lójú agbami òkun. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ọkọ̀ Comet méjì gbéra, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù, èkejì láti New York. Èyí tí ó ti New York wá kò dúró níbìkan. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 12 ni ó lò. Èkejì ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Gander, ní erékùṣù Newfoundland, kí ó gba epo sí i, ó sì lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ kí ó tó dé. Ọkọ̀ òde òní kò ní láti yà mọ́, ṣùgbọ́n títí di òní, a kì í bu epo sí ọkọ̀ láìkọ́kọ́ wo bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti rí. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì ń jà, ọkọ̀ kan ti New York dé Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56.

Aago náà tún ní tirẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni Lọ́ńdọ̀nù sábà fi ń ṣáájú New York. Ẹni tí ó bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tí ó sì lo wákàtí mẹ́jọ lókè, yóò bá aago méjì ọ̀sán ní New York. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúrò níbẹ̀ ní aago méje alẹ́, aago kan ààbọ̀ òru ni yóò wà lára aago ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí aago ìlú ti lu mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀, ibùsùn ni ara rẹ̀ yóò sì máa bèèrè.