Ìtọ̀ ṣúgà: Ẹ̀fọ́ inú abọ́ àti antioxidant inú ike kì í ṣe ọ̀kan náà fún kídìnrín

Bí dókítà bá ti sọ fún èèyàn pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í pẹ́ tí ará ilé á fi máa fún omi ewúro fún un, tí aládùúgbò á dárúkọ àgbo, tí ẹlòmíì á gbé ike oògùn dé pé antioxidant ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń fọ kídìnrín. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Kídìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Asẹ́ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀, àwọn asẹ́ yìí á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lára ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ni àwọn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Antioxidant ló ń pa agbára wọn. Ó wà nínú ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ata, tòmátò, ọsàn àti ẹ̀wà.

Ṣé tí díẹ̀ bá dáa, ọ̀pọ̀ ò wá ní dáa jù ni? Àwọn onímọ̀ náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe oògùn kan, bardoxolone, tó ń jí agbára antioxidant inú ara dìde. Èèyàn 2,185 tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, tí kídìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an, ló wọ ìwádìí náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọ́n dá a dúró láìparí, torí pé láàárín àwọn tó ń lo oògùn náà, àwọn tí ọkàn wọn ò lè tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́ ń pọ̀ ju ti àwọn tí wọn ò fún ní i lọ. Ní Kánádà, fítámì B alágbára ni wọ́n fún àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń ba kídìnrín wọn jẹ́. Èsì tó jáde ní 2010 fi hàn pé ńṣe ni kídìnrín wọn túbọ̀ ń yára bàjẹ́.

Oúnjẹ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ṣì dáa lè jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ dáadáa, kó dín òkèlè kù, kó sì ṣọ́ iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ òòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú maggi sì wà nínú ìṣirò yẹn. Kó má sì torí ewúro pa oògùn dókítà tì o.

Ẹni tí tiẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Potassium pọ̀ nínú ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti tòmátò. Tí kídìnrín ò bá lè tì í jáde mọ́, ó lè mú kí ọkàn má lù déédéé. Omi ewúro fífún tiẹ̀ léwu ju ẹ̀fọ́ sísè lọ, torí ewé ọwọ́ mélòó kan ló wà nínú ife kan. Tí wọ́n bá bọ ẹ̀fọ́, tí wọ́n da omi rẹ̀ nù, potassium á dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fítámì C díẹ̀ á bá omi lọ.

Kídìnrín kì í tètè pariwo. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ó ti lè pẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Albumin ni wọ́n ń wá nínú ìtọ̀, creatinine nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá sì ń mu àgbo, tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen, kó sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà, torí wọ́n lè ba kídìnrín jẹ́.