Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Eré tí ń sọ àjèjì di ojúlùmọ̀

Láti ìlú Ara ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ẹdẹ ò jìnnà, níbi tí àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ Ọ̀ṣun wà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1973, ni ìjọba Nàìjíríà dá ètò agùnbánirọ̀ (NYSC) sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yà gbogbo lè mọ ara wọn. Ní àgọ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹ̀yà. Ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹ́núgù á jọ fa okùn.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ l'Ára tàbí Ẹ̀jìgbò, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan bi ìkejì ní orúkọ, iṣẹ́ àti oríkì, kó sì fi í han àwùjọ. Àlọ́ àpamọ̀ tún dára púpọ̀. Bí ẹ bá fi ijó kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá mú onítìjú jó.